Aṣọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ó-Sá-Tán-Ó-Kọ̀wé

Ó fi àtàǹpàkò kan ahọ́n. Díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Ó gbé àtàǹpàkò tútù náà lé orí ìwé, lórí ìlà kan ṣoṣo, ó sì rọra fà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Kò yára. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè, ó yí inú rẹ̀ sí àwọn àgbà kí oòrùn lè tàn sí i.

Àtàǹpàkò náà mọ́ tónítóní.

"Ẹ rí i?" ni Fádípẹ̀ wí. "Kì í ṣí."

Àìná dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin, níbi tí àwọn obìnrin máa ń dúró sí níwájú ilé Olúọdẹ. Aláró ni, ahunṣọ sì ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an lòun náà ṣe ń dán aṣọ ẹlòmíràn wò lọ́jà kó tó rà á: itọ́ díẹ̀, àtàǹpàkò, kó mọ̀ bóyá aró rẹ̀ á ṣí. Ó mọ ohun tí àtàǹpàkò mímọ́ túmọ̀ sí. Orúkọ tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò náà, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ògúnlẹ́yẹ.

Ọdún tí wọ́n tú ibùdó Kírìjì ká ni. Àwọn ọkùnrin ń ti ojú ogun bọ̀ wá sí Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú tó ti jìn sínú àti ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé ọ̀nà oko. Ògúnlẹ́yẹ kò bá wọn bọ̀. Ó ti kú ṣáájú, létí odò kan lẹ́yìn ibùdó, níbi tí wọ́n fi í sí kó máa ṣọ́ ẹ̀tù ìbọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Fìlà rẹ̀ ló délé, àti àpò ọdẹ rẹ̀, àti ọ̀bẹ. Àìná gbé wọn kọ́ sí àjà yàrá rẹ̀, nítorí òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn.

Wọn kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ọdẹ tó bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti ṣípà fún un: wọn a kó ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọn a sun ìrèmọ̀jé fún un, wọn a sì bẹ Ògún pé kó tú u sílẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, kò tíì lọ. Inú ilé ló wà, tó ń wá ọ̀nà igbó tí kò rí i. Ṣùgbọ́n a kì í ṣípà fún ẹni tó sá lójú ogun. Ìyẹn, kò sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí.

Ìwé tí Fádípẹ̀ gbé wá sì ní Ògúnlẹ́yẹ sá.

Ọmọ Ìdó-Ilé ni Fádípẹ̀. Ogun kó o ní kékeré, wọ́n tà á, ó sì di ará Èkó, níbi tó ti kọ́ ìwé. Ìgbà tí ogun Kírìjì le ló padà wá sí ibùdó, tó ń bá wọn ṣètò ẹ̀tù àti ìbọn, tó sì ń kọ ìròyìn ogun ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan ní Èkó. Nígbà tí ogun tán, ó kọ́ ilé sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Ọkùnrin tó rẹwà ni. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn àgbà á fi ọwọ́ ti etí síwájú.

Ó kà á fún wọn. Pé ní ọjọ́ tí ọ̀tá já wọ ẹ̀yìn ibùdó, Ògúnlẹ́yẹ ará Òkè-Ìmẹ̀sí ju ìbọn sílẹ̀, ó sá wọ igbó, ìbọn sì bá a nínú sísá. Pé báyìí ni ẹ̀tù ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

"Kí ni wọ́n fi kọ ọ́ tí kò fi ṣí?" Olúọdẹ ló béèrè. Arúgbó ni, ojú rẹ̀ kan ti fọ́.

"Wọn kò fọwọ́ kọ ọ́, Baba. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rọ ńlá kan wà, ó ga ju ọkùnrin lọ. Wọn a fà á, á sì bọ́ lu ìwé, gbì!"

"Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà?"

"Irin ni, Baba."

Olúọdẹ ṣí fìlà. Àwọn àgbà yòókù ṣí tiwọn. Ní ìlú àwọn ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, ẹni tó bá fi ẹnu kan irin, tó sì purọ́, Ògún á pa á. Ọ̀rọ̀ tó sì ti ẹnu irin fúnra rẹ̀ jáde, ta ni yóò tún bi í léèrè? Irin ti sọ̀rọ̀. Ògún ti jẹ́rìí.

Fádípẹ̀ rí fìlà lọ́wọ́ wọn. Ó yé e. Àìná ń wo ojú rẹ̀, ó sì rí ibi tó ti yé e. Ọkùnrin náà lè sọ pé, rárá, Baba, irin kò gbọ́n, ohun tí èèyàn bá tò síwájú rẹ̀ ló ń tẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó ká ìwé náà, jẹ́jẹ́.

Ẹnì kan dìde. Awóṣùsì ni, ará Ìjurin, ọ̀kan nínú àwọn tó ru ẹ̀tù ní ibùdó.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun. Mo wà níbẹ̀. Fádípẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀tù pẹ̀lú Ògúnlẹ́yẹ. Nígbà tí a gbọ́ ìbọn, Fádípẹ̀ ní òun ń lọ ké sí àwọn èèyàn. Ó lọ. Títí di òní, a kò rí èèyàn tó ké sí. Ògúnlẹ́yẹ ló ní kí èmi bọ́ sínú odò. Òun kò kúrò."

"Awóṣùsì."

"Baba."

"Ẹran ni ẹnu tìrẹ. Irin ló sọ èyí."

"Ṣùgbọ́n Fádípẹ̀ ló—"

"Jókòó."

Awóṣùsì jókòó. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé kò sí ìpà. Àwọn èèyàn túká. Àìná kò sunkún. Ó lọ sílé, ó gbé ojú sókè wo fìlà tó wà ní àjà, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò fẹ́ kí Fádípẹ̀ kú. Òkú kì í tijú.

Wọ́n bí Àìná pẹ̀lú ìwọ́ lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn ni pé ẹni tó bá fi okùn lọ́rùn wá sáyé, kì í tètè tú ohun tó bá dì. Ó ti di opó, kò bímọ, òfì rẹ̀ àti ìkòkò aró rẹ̀ sì ni ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kò láyọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní sùúrù ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ Fádípẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti oko dé, àwọn èèyàn máa ń pé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kó máa sọ bí àwọn ará Èkó àti Òyìnbó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé. Ìgbádùn ni fún un.

"Òyìnbó kì í sọ pé wọ́n ti ṣe ìwé tán. Wọn a ní ó *jáde*. Bí ìyàwó tuntun."

Ẹ̀rín.

"Bó bá jáde, wọn a ní ó *ń lọ kiri*. Bí àwọn èèyàn bá ń rà á, wọn a ní ó *ń tà bí ohun jíjẹ*. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ jù, wọn a ní kò lè *gbé e sílẹ̀*."

"Ṣé ó ń jó o lọ́wọ́ ni?" ẹnì kan wí. Ẹ̀rín mìíràn.

Àìná jókòó lẹ́yìn, ó ń ran òwú. Ẹ̀kọ́ ni fún un.

"Ta ló kọ tìrẹ yìí?" ló béèrè lọ́jọ́ kan.

Fádípẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kò sí orúkọ nísàlẹ̀ rẹ̀, Yèyé. 'Aṣojú wa ní Èkìtì' ni wọ́n fi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe. Gbogbo èèyàn mọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fà á lápá."

"Ìyẹn dára."

"Ó dára gan-an."

"Bí ohun tó jáde bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?"

Fádípẹ̀ wò ó, ó sì rántí ẹni tó jẹ́.

"Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn náà. Wọn a ní wọ́n *fà á padà*."

"Fà á padà, nígbà náà."

"Yèyé Aláró…"

"Níwájú àwọn èèyàn yìí ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ pàápàá." Ó kúnlẹ̀. Òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fìlà rẹ̀ wà ní àjà mi. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Fà á padà."

Fádípẹ̀ wò ó lórí ìkúnlẹ̀. Bóyá ohun kan fẹ́ rọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wò ó, ojú tí wọ́n sì fi ń wò ó dùn mọ́ ọn.

"Ohun tó ti jáde ti jáde, Yèyé. Ó ti ń lọ kiri. Wọ́n ti kà á ní Èkó, wọ́n ti kà á ní Abẹ́òkúta. Ṣé kí n máa kan ilẹ̀kùn kiri ni, kí n máa gbà á lójú àwọn èèyàn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ó tó.

Àìná dìde, ó gbọn eruku orókùn rẹ̀ nù. "O ṣeun," ló wí. "Mo ti gbọ́."

Nígbà òjò, kò jáde. Ó gún ewé ẹ̀lú, ó sẹ́ omi eérú, ó rẹ òwú sínú aró, ó yọ ọ́, ó tún rẹ ẹ́, títí ó fi dúdú bí inú ìkòkò. Ó na òwú sórí òfì. Kíjìpá ni, aṣọ líle tí obìnrin Èkìtì fi ń ṣiṣẹ́, tó máa ń pẹ́ ju ẹni tó ró o lọ. Ó fi àpasà, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fún òwú mọ́ra, gún un wọlé, gbà, gbà, gbà. Ilẹ̀ aṣọ náà dúdú. Láàrin rẹ̀, fọ́nrán funfun kan ń bọ̀ láti etí kan, tààrà, ó dé ìdajì, ó sì yí padà lójijì, ó padà síbi tó ti wá. Kò dé etí kejì. Gbogbo ìlà rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Funfun a bọ̀, funfun a sá padà.

Yéjídé, tó máa ń bá a ta aṣọ lọ́jà, gbé e sójú oòrùn. Obìnrin sísanra, ẹlẹ́rìn-ín.

"Ó rẹwà! Kí lorúkọ rẹ̀?"

Aṣọ tuntun kò gbọdọ̀ wọ ọjà láìlórúkọ. Ahunṣọ ló ń sọ ọ́. Bí orúkọ bá dùn lẹ́nu, aṣọ á tà. Bó bá tà, gbogbo ahunṣọ ní ìlú mìíràn á hun irú rẹ̀, wọn a sì máa pè é bẹ́ẹ̀ títí ayé.

"Ó-sá-tán-ó-kọ̀wé," ni Àìná wí.

Yéjídé gbé aṣọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó wò ó. Fọ́nrán funfun tó ń sá padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Àìná! Ìkà ni ẹ́!"

"N kò dárúkọ ẹnì kan."

"O kò dárúkọ ẹnì kan!"

"Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló hun ún, sọ fún wọn pé aṣojú wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni."

Yéjídé kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọjà Ìjerò, níbi tí wọn kò ti mọ Fádípẹ̀. Orúkọ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ta ló sá? Kí ló kọ? Yéjídé kò ní sọ. Ó kàn ń ṣẹ́jú. Aṣọ náà tán. Ó dé Aramọkọ, ó tán. Ní Ẹ̀fọ̀n, àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ti ń hun tiwọn kí Yéjídé tó dé. Nígbà tó fi padà wọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ìtàn ti wọ̀ ọ́ lára. Awóṣùsì, tí wọ́n ní kó jókòó, ti ń sọ ọ́ ní Ìjurin fún ẹnikẹ́ni tó bá ra aṣọ.

Fádípẹ̀ kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣì gbọ́. Lẹ́yìn náà ó rí i ní odò, lára àwọn tó ń pọnmi. Ó rí i lára ìyá àgbà kan tó ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó rí i ní ilé tó ti lọ jẹun. Fọ́nrán funfun. Àwọn tó máa ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ dín kù. Àwọn tó ṣì ń wá máa ń wo ara wọn.

Àna rẹ̀ ló wá fi ìtìjú pa á. Ó ti ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Aramọkọ, Àtinúkẹ́. Ìyá ọmọ náà wá kí i, ó sì ró aṣọ tó rà tuntun, kó lè jọ ẹni iyì lójú àna tó mọ̀wé. Àwọn obìnrin kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu ibodè.

"Aṣọ yín mà dára o, Yèyé. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ó-sá-tán-ó-kọ̀wé ni wọ́n pè é fún mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ta ló sá?"

"Èmi kò mọ̀ ọ́n o."

"Ẹ bi àna yín. Òun ló mọ̀wé."

Ó bi í. Ó bi í lóòótọ́, obìnrin aláìlẹ́bi, bó ṣe ń jẹun níwájú rẹ̀. Fádípẹ̀ dá òkèlè padà sínú àwo. Nígbà tí obìnrin náà dé Aramọkọ, ó ti gbọ́ ìyókù lọ́nà. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ọmọ àwọn kò tíì tó lọ́kọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àìná.

Àìná wà nídìí òfì. Kò yí ọrùn. Gbà, gbà.

"Yèyé."

"Fádípẹ̀."

"Ẹ dá a dúró."

"Kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Aṣọ. Orúkọ yẹn. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ mọ́."

"Ó ti jáde," ni Àìná wí.

"Ẹ dákun."

"Ó ń lọ kiri. Wọ́n ń ró o ní Ìjerò, wọ́n ń ró o ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ń tà bí ohun jíjẹ. Ṣé kí n máa kan ilẹ̀kùn kiri ni, kí n máa tú u nídìí àwọn èèyàn?"

Àìná gún fọ́nrán kan wọlé, ó wá wo Fádípẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti rù. Inú Àìná dùn. Ó dùn gan-an, bí omi tútù lẹ́yìn oko.

"Wò ó lókè," ló wí.

Fádípẹ̀ gbé ojú sókè. Fìlà. Àpò. Ọ̀bẹ.

"Títí wọ́n á fi kúrò níbẹ̀, màá máa hun."

Bó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ibẹ̀ ni ì bá ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga tí wọ́n kọ́ ọ ní Èkó kò kéré. Ó lọ pe Àìná lẹ́jọ́ níwájú Olúọdẹ. Pé ó ba òun lórúkọ jẹ́.

Gbogbo ìlú wá. Aṣọ náà pọ̀ lára wọn tó fi dà bíi pé wọ́n jọ dá a fún ọdún.

"Àìná, ẹjọ́ rẹ rè é," ni Olúọdẹ wí. "Ṣé ìwọ lo hun aṣọ yìí?"

"Èmi ni, Baba."

"Fádípẹ̀ ni o ń bá wí?"

"Baba, n kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá rí ara rẹ̀ nínú aṣọ mi, kó sọ fún wa ibi tó ti rí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúọdẹ gbọ́wọ́ sókè. "Ṣùgbọ́n mo ti hun ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì dúró tì í. Ẹ gbé irin wá. Màá fi ẹnu kàn án pé ẹ̀gbọ́n mi kò sá. Awóṣùsì náà wà níbí, yóò fi ẹnu kàn án. Lẹ́yìn náà, kí Fádípẹ̀ fi ẹnu kàn án pé ó sá. Irin ló sọ ọ́ ní Èkó, àbí? Irin kan náà nìyí. Kó tún un sọ sí i."

Wọ́n gbé irin wá, ọ̀bẹ àtijọ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ ajá ọdún Ògún ti dúdú lára rẹ̀. Àìná mú un lọ́wọ́ méjèèjì, ó fi ẹnu kàn án, ó sọ̀rọ̀. Awóṣùsì gbà á, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Wọ́n nà án sí Fádípẹ̀.

Kò na ọwọ́ gbà á.

Ará Èkó ni, ẹni tó ń wọ bàtà rìn. Ó ti fi Ògún rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí òkun. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i ní Ìdó-Ilé ti mú un dé ìdí irin kan náà kí wọ́n tó kó o lẹ́rú, ohun tí ọmọdé bá sì kọ́kọ́ bẹ̀rù kì í lọ.

"Baba," ló wí. "Baba, kì í ṣe irin."

"Kí ni kì í ṣe irin?"

"Àwọn lẹ́tà. Ẹ̀rọ ni irin, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tó ń kan ìwé… òjé ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Òjé ni. Nítorí náà n kò lè… kò bá irin mu, Baba. Kò yẹ kí n fi ẹnu kan irin lórí ohun tí òjé sọ."

Ó rò pé òun ti rí ihò tóun lè gbà jáde.

Olúọdẹ fi ojú kan tó kù wò ó.

"Òjé," ló wí.

"Òjé ni, Baba."

"Òjé, ti Òrìṣà aláṣọ funfun ni. Ògún kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òjé." Ó dé fìlà rẹ̀ padà sórí. Àwọn àgbà yòókù dé tiwọn. "Irin kò tíì sọ̀rọ̀ rí, nígbà náà. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Awóṣùsì, dìde. Tún un sọ, kí gbogbo èèyàn gbọ́."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Yéjídé di ọwọ́ Àìná mú. "Ó ti tán, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ ká sọ aṣọ náà lórúkọ mìíràn. O ti ṣẹ́gun."

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á padà," ni Àìná wí.

Wọ́n ṣípà fún Ògúnlẹ́yẹ lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun, fìlà àti àpò àti ọ̀bẹ rẹ̀ sì kúrò ní àjà. Fádípẹ̀ ta ilé rẹ̀, ó padà sí Èkó, kò sì gbé ìyàwó ní Èkìtì. Àìná kò kọ́ nǹkan kan sí àjà mọ́, síbẹ̀ ó ń hun aṣọ náà títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì.